Eyín Tó Wà Nínú Agolo Mílíìkì

Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Dókítà mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà òtútù. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ? Tiwa dáa, a dúpẹ́, àfi etí mi tó ń wúwo sí i. Ẹ̀rọ ìlagi tí mo fi ogún ọdún dúró tì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Nítorí náà, má wulẹ̀ dárúkọ fóònù fún mi. Fóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ti kú, wáyà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí fóònù bá sì jí padà lọ́la, kí ni mo fẹ́ gbọ́ nínú ẹ̀? Lẹ́tà ni kí o máa kọ. Lẹ́tà kì í pariwo, mo sì lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹlẹ́rìn-ín ní kí n kí ọ. Ọmọ rẹ yìí, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí o gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ti di mẹ́sàn-án, àròyé rẹ̀ ò sì mọ níwọ̀n. Bó bá ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópónà, àwọn oníbàárà mi á ti mọ̀ pé ilé ìwé ti jáde. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ tán báyìí, wọ́n tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn sójú fèrèsé.

Ohun tó jẹ́ kí n mú pẹ́ńsùlù nìyí. Látìgbà tí mo ti lẹ fọ́tò rẹ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, èyí tí o wọ aṣọ funfun, tí o dúró ti àga tí wọ́n ń gbé ẹni tí eyín ń dùn lé, n ò gbádùn mọ́. Bàbá Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹni tí eyín bá ń dùn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ há sí télọ̀ iwájú wa léyín, ó fi abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ wá a títí ẹ̀jẹ̀ fi kún un lẹ́nu. Wẹ́dà ní tiẹ̀ da kẹrosíìnì sínú eyín tó lu. Mo bi í pé ta ló sọ fún un, ó ní òun rò pé ohun tó lè tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà á lè lé kòkòrò eyín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ kí ni mo lè sọ fún wọn? Igi ni mo mọ̀, n ò mọ eyín.

Jọ̀wọ́, kọ ohun téèyàn lè ṣe nígbà tí ìyọnu eyín bá dé lójijì ránṣẹ́ sí wa. Kọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Má sì sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀. Ohun tí o sọ nínú lẹ́tà mẹ́ta tó kọjá nìyẹn, o ò sì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Eyín mélòó lò ń yọ lóòjọ́? Ṣé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọ? Bàbá rẹ fẹ́ gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá Dókítà.


Yàrá mi,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, sà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi gbá Ẹlẹ́rìn-ín mọ́ra, kí ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́ nípa ilẹ̀kùn tó wà lójú fèrèsé.

Ẹ má bínú pé n kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń débẹ̀, orí ìdúró ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọwọ́ mi kì í sì í gbẹ. Bí mo bá délé, ọ̀rọ̀ eyín gan-an lohun tó máa ń wù mí láti gbàgbé. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi níwọ̀nba.

Ẹ sọ fún télọ̀ pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe ti eyín. Òwú ni kó lò, kó rọra fà á gba àárín eyín méjèèjì kọjá, kó wá fi omi yọ ẹnu. Tó bá kọ̀ tí kò jáde, kó fi í sílẹ̀. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé kẹrosíìnì á bó o lẹ́nu, eyín á sì tún máa dùn ún. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n po iyọ̀ díẹ̀ sí ni kó máa fi yọ ẹnu, kó tu ú dànù. Ó lè lo oògùn ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n kó gbé e mì ni o! Àwọn kan máa ń ki oògùn bọ inú eyín tó lu, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí eyín, ó sì máa ń jó ẹran ẹnu bí iná. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, aṣọ tútù ni kí ẹ fi lé e láti ìta, ẹ má fi ohun gbígbóná kàn án. Ẹni tó bá gé ètè tàbí ahọ́n jẹ, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kó má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà bí ẹni ń wo ìkòkò.

Èyí tó le jù ni kí nǹkan kọlu èèyàn kí eyín bọ́. Kì í ṣe eyín ọmọdé tí àkókò rẹ̀ ti tó ni mò ń wí, eyín àgbà ni. Ẹ wá eyín náà rí. Orí rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Tó bá dọ̀tí, ẹ da omi ṣàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi nǹkan ha á, ẹ má fi aṣọ nù ún. Tí ẹ bá lè rọra tì í padà sínú ihò rẹ̀, ẹ tì í. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ fi í sínú mílíìkì. Mílíìkì kì í jẹ́ kó kú.

Mo rò pé ìyẹn á tó wọn.

Ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Dókítà mi,

Lẹ́tà rẹ dé, inú wa dùn. Mo kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn jókòó tẹ́tí bí ọmọ ilé ìwé. Télọ̀ ti jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́. Wẹ́dà fi omi iyọ̀ yọ ẹnu fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ìrora ti dín kù, ó wá dúró níwájú fọ́tò rẹ, ó ṣí fìlà.

Mo wá mú pákó kan tó dáa, èyí tí mo ti ń tọ́jú de ojú tábìlì. Mo fi ìfági fá a títí ó fi ń dán, mo fi ọ̀dà dúdú kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ sí i, mo sì gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. N ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, n ò sì yọ ẹyọ kan kúrò. Ní ìsàlẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: DÓKÍTÀ EYÍN, ỌMỌ KÁFÍŃTÀ, LÓ SỌ BẸ́Ẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ti há gbogbo rẹ̀ sórí, ó ń kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí orin.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bá ọ wí sí. Mo bi ọ́ pé eyín mélòó lò ń yọ lóòjọ́, o ní ọwọ́ rẹ kì í gbẹ. Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Ọmọ rẹ náà ń béèrè ìgbà tí wàá wálé. Mo ti sọ fún un pé ìparí ọdún ni. Má sọ mí di onírọ́.

Bàbá Dókítà.


Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún.

Dókítà mi,

Mo kí ọ o. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, kò sẹ́ni tó kú. Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án àná, ó fi ẹnu gbá etí tábìlì iṣẹ́ mi. Eyín iwájú rẹ̀ kan, tọwọ́ ọ̀tún, fò jáde tòun ti gbòǹgbò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń mì díẹ̀, àmọ́ kò bọ́. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀. N ò tíì fọwọ́ kan òòlù láti àná.

Ṣùgbọ́n ò bá rí wa! Ọmọ náà fúnra rẹ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ló nawọ́ sí pátákó. Télọ̀ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. Wẹ́dà ló rí eyín náà láàárín lẹ́búlẹ́bú igi, orí rẹ̀ ló sì fọwọ́ mú, bó o ṣe wí. A ò fi ọṣẹ kàn án. Mo gbìyànjú láti tì í padà, ọmọ náà ké, ọwọ́ mi kọ̀. Ni mo bá ṣí agolo mílíìkì kan, mo sọ eyín náà sínú ẹ̀. Ó wà lórí pẹpẹ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ.

Télọ̀ ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, pé dókítà eyín wà níbẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo ní rárá o. Ṣé bí káfíńtà bá wà nílé, wọ́n á tún máa gbé àga lọ fún káfíńtà òde kàn? Mo wo pátákó láti òkè délẹ̀, n ò rí ibi tí o ti ní ká lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mílíìkì kì í jẹ́ kó kú, ohun tí o wí nìyẹn. A ó máa tọ́jú ẹ̀ dè ọ́. Mo pààrọ̀ mílíìkì rẹ̀ láàárọ̀ yìí, màá sì máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Jọ̀wọ́, gba ààyè níbi iṣẹ́, kí o wá bá wa fi í sípò. Tí ọ̀gá rẹ bá ń janpata, sọ fún un pé ọmọ rẹ ni.

Bàbá Dókítà.


WÁYÀ
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún.

Ẹ MÁ DÚRÓ DÈ MÍ. Ẹ GBÉ ỌMỌ LỌ SỌ́DỌ̀ DÓKÍTÀ EYÍN LỌ́SIBÍTÙ LÓNÌÍ. Ẹ JỌ̀Ọ́ SÀ.


Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún.

Dókítà,

Ọmọ oníbàárà mi kan ń rìnrìn-àjò bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán kó lè yára dé.

Wáyà rẹ dé. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé e wá fúnra rẹ̀, ó sì kà á sókè kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó mọ̀ pé etí mi wúwo, ó gbàgbé pé ojú mi dáa. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́. Télọ̀ wò mí, mo wolẹ̀.

Ṣé èmi lo wá ń fi wáyà pàṣẹ fún? Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí báwo lara ọmọ. Ìwọ tó jẹ́ dókítà ní kí n gbé ọmọ rẹ lọ bá dókítà ẹlòmíràn. Bí mo bá débẹ̀, kí ni kí n sọ? Èmi ni mo kan àpótí aṣọ fún nọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Á ní, "Bàbá Dókítà, ṣé kò sí dókítà nílé yín mọ́ ni?" Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀, ta ló ṣe kí ni, bí ọlọ́pàá. N ò lọ.

Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. O ò fẹ́ wálé ni. Nígbà tí ìyá rẹ kú, iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ wọ ilé ìwé, iṣẹ́ pọ̀. Ọdún mẹ́fà rèé! Eyín àwọn ẹlòmíràn lò ń tọ́jú, eyín ọmọ rẹ wà nínú agolo.

Kí n má tàn ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti wú láti ìjẹta, ó ti ń sún mọ́ abẹ́ ojú. Ara rẹ̀ ń gbóná. Mò ń fi aṣọ tútù lé e láti ìta bí pátákó ṣe wí, mò ń fún un lómi iyọ̀. Kò jẹun láti àná. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu. Fi oògùn tó dáa ránṣẹ́ kíá, kí o kọ bí a ó ṣe lò ó sí i lára. Ológbò kan gun pẹpẹ láàárọ̀, ó lá mílíìkì inú agolo gbẹ, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan eyín. Mo ti da òmíràn sí i.

Bàbá rẹ.


WÁYÀ
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún.

ÈMI KÌ Í ṢE DÓKÍTÀ. N Ò ṢE DÓKÍTÀ RÍ. IRINṢẸ́ WỌN NI MÒ Ń FỌ̀. WÍWÚ YẸN LÈ PA ỌMỌ. Ẹ GBÉ E LỌ NÍSINSÌNYÍ.


Yàrá mi,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún.

Bàbá mi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, n ò sì ní dìde títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán.

Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀. Mo mọ̀ pé akọ̀wé yẹn á ka wáyà sókè, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo dúró lẹ́nu kàńtà wọn níbí, mo kọ́kọ́ kọ "Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e lọ." Mo fà á ya. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lọ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì gbà pé dókítà kan wà nínú ẹbí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kọ òótọ́ ọ̀hún sínú lẹ́tà, kí ẹ̀yin nìkan kà á, kó jẹ́ ojú yín nìkan ni ojú á ti tì mí. Lẹ́tà á gba ọjọ́ méjìlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ò ní ọjọ́ méjìlá. Ọmọbìnrin tó gba bébà lọ́wọ́ mi ò gbọ́ èdè wa, ó kàn ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni, síbẹ̀ n ò lè wò ó lójú.

Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Ìdánwò iṣẹ́ dókítà eyín tí mo wá ṣe níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi. Mo wá ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín, kì í ṣe níwájú o, nínú yàrá ẹ̀yìn ni. Irin tí wọ́n bá ti kì bọ ẹnu èèyàn, èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tí mò ń sè é, tí mò ń tò ó sínú àwo fún wọn. Èmi ni mò ń fọ agbada ìtutọ́. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀. Ìdí tí ọwọ́ mi kì í fi í gbẹ nìyẹn, Bàbá. Aṣọ funfun inú fọ́tò, aṣọ àwa tí a ń fọ nǹkan ni. Ọjọ́ tí mo ya fọ́tò yẹn, dókítà ti lọ jẹun, mo lọ dúró ti àga rẹ̀. Ẹ kọ̀wé padà, ẹ ní "Dókítà mi." N ò purọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn, mo kàn dákẹ́ ni. Bí mo ṣe ń dákẹ́ lọ nìyẹn títí ó fi di irọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ tó ogún.

Ó ku èyí tó burú jù. Ògiri pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín yàrá tí mo ti ń fọ nǹkan àti tábìlì obìnrin tó ń dáhùn fóònù. Ohun kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ìyọnu eyín bá bá lójijì, mo ti há a sórí. Òun ni mo kọ ránṣẹ́ sí yín, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kò sí ìgbà tí kì í fi gbólóhùn kan parí ẹ̀. Á ní, "Ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà báyìí báyìí, kó má ju wákàtí kan lọ." Mo kọ ọ́ o! Mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà oṣù kejì yẹn. Mo wá wò ó, mo ní ẹ ó bi mí pé dókítà wo, nígbà tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni dókítà? Mo mú bébà mìíràn, mo tún lẹ́tà náà kọ látòkè délẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò. Gbólóhùn tí ì bá gba eyín ọmọ mi là, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́, nítorí kí ẹ lè máa pè mí ní dókítà.

Ẹ da mílíìkì yẹn nù. Wákàtí díẹ̀ ló lè fi ran eyín lọ́wọ́, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ológbò, mo bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, mo sunkún títí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ ń pààrọ̀ mílíìkì láràárọ̀ nítorí pé ẹ gbà mí gbọ́. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó wọ ọ́.

Ẹ kàn sọ fún mi pé ọmọ mi wà láàyè. Kò di dandan kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Ọmọ yín.


WÁYÀ
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún.

ỌMỌ TI DÉ ỌSIBÍTÙ. Ó WÀ LÁÀYÈ. BÀBÁ Ò BÁ ẸNIKẸ́NI SỌ̀RỌ̀. ÈMI TÉLỌ̀ NI.


Yàrá mi,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí wáyà télọ̀ ti dé, láti ìgbà náà n ò rí nǹkan kan gbà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àjèjì ló dá mi lóhùn, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ bú mi, sà. Ẹ kọ ọ́ sí bébà, kó kún ojú ewé méjèèjì, màá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹ ṣe máa ń ka tèmi. Èyí tí n ò lè fara dà ni kí n máa dé ẹnu ọ̀nà lálaalẹ́ kí n bá ilẹ̀ òfìfo níbi tí lẹ́tà yín máa ń wà. Ṣé ẹ ti yọ fọ́tò mi lára ògiri? Ẹ yọ ọ́. Kí ni Ẹlẹ́rìn-ín sọ? Ṣé ó mọ̀?

Ọmọ yín, bí ẹ bá ṣì gbà.


Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ kẹta, oṣù keje.

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Pé n ò mọ orúkọ tí ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ "Dókítà mi" torí ó ti mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á rẹ́.

Ọ̀sán ni wáyà rẹ dé, ṣọ́ọ̀bù kún. Akọ̀wé yẹn ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó fẹ́ fi bébà lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó kà á tán, pé n ò gbọ́. Irọ́ ni mo pa, mo ti gbọ́. Ó kà á tán. Mo wọlé, mo gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pọ̀n, mo gba àárín gbogbo wọn kọjá, télọ̀ gbé agolo tẹ̀ lé mi.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà tí a bá níbẹ̀, á máa tó ẹgbẹ́ rẹ. Ó ní eyín kejì tó ń mì yẹn ti sán láti ọjọ́ ìkọlù, ibẹ̀ ni ọyún ti ń kó jọ. Ó ní ká ní a tún fi ọjọ́ méjì kún un ni, ì bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n fa ọyún jáde, wọ́n yọ eyín kejì, wọ́n dá a dúró fọ́jọ́ mẹ́fà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Ó ti ń jẹun, ó sì ti ń da ilé rú. Dókítà náà yọjú wo inú agolo. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi sí mílíìkì mọ ohun tó ń sọ o. Àmọ́ kò sọ ọ́ tán." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ ọ́ tán.

Ó wá bi mí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwọ ti sọ tìrẹ, jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ rẹ ò ṣubú. Mo gbé pákó gígùn kan lé èjìká, ó ń pè mí láti ẹ̀yìn, n ò gbọ́. Ó sún mọ́ mi kó lè fà mí láṣọ, mo yí padà lójijì, orí pákó gbá a lẹ́nu. Èmi ni mo lu eyín ọmọ rẹ jáde. Télọ̀ àti wẹ́dà rí i, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ. Òwe ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ́ ọ. Mo kọ̀wé sí ọ pé n ò ní lọ sí ọsibítù nítorí pé dókítà wà nínú ẹbí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rù pé wọ́n á bi mí léèrè ló pọ̀ jù. Bí o bá tiẹ̀ kọ gbólóhùn tí o yọ yẹn, bóyá ǹ bá lọ, bóyá n ò ní lọ, n ò lè búra. Nítorí náà, má dá gbogbo rẹ̀ gbé. Ojú ń tì mí ju bó ṣe ń tì ọ́ lọ, torí pé èmi ni mo dàgbà jù.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ṣí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọlé bí olè. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo gbé pátákó wálẹ̀, mo mú ìfági, mo fẹ́ fá gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹlẹ́rìn-ín dì í mú. Ó ní, "Bàbá àgbà, òótọ́ mà ni gbogbo ẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni irọ́." Ó mọ̀, ṣé o rí i. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ti sọ fún un. Mo fá ìlà tó kẹ́yìn. Mo kọ gbólóhùn tìrẹ síbẹ̀, pé kí wọ́n máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí báyìí, kó má ju wákàtí kan lọ. Ó wá ku orúkọ ẹni tó sọ ọ́. N ò lè kọ ọ́. Ọmọ náà gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà, ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́, ó tóbi ju tèmi lọ: ÌYÁ MI TÓ Ń FỌ IRINṢẸ́ DÓKÍTÀ LÓ SỌ BẸ́Ẹ̀.

Mo ti gbé e kọ́ padà síwájú, mo sì ti ń gba iwájú wọlé. Àwọn kan kà á, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kà á, wọ́n dúró wá bi mí ní ọ̀nà ọsibítù. Fọ́tò rẹ wà níbi tó wà. Ọmọ rẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bi mí lánàá bóyá wàá wálé ní ìparí ọdún bí mo ṣe sọ. Mo ní n ò mọ̀, pé màá bi ọ́.

Mo bi ọ́.

Bàbá rẹ.